Ẹni Tó Mọ Ọjọ́ Ló Ń Dá Iye: Ẹ Gbé Ọjọ́ Ìkórè Yín Sí Gbangba

Ọ̀rọ̀ òní le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun tí àwa òṣìṣẹ́ àgíríìkì ń gbọ́ jù lẹ́nu àgbẹ̀ ni pé "ọjà ò sí." A ò gbà. Ọjà wà. Òrè kì í ṣe ìlú tó wà ní kọ̀rọ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin ló wà. Ẹni tó ń lọ sí Oǹdó, ibẹ̀ ló ti ń yà. Ẹni tó ń lọ sí Òkìtìpupa, ibẹ̀ náà ni. Lọ́rì tó ti já ẹrù sílẹ̀ tó ń padà lófìfo ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́. Ohun tí kò sí ni ìmọ̀ ọjọ́. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ní Mile 12 ò mọ ọjọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín máa gbó. Ẹni tó ní lọ́rì ò mọ ọjọ́ tí ẹ máa wa ẹ̀gẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn alágbàtà tó ń gun ọ̀kadà wọ oko yín. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ọjọ́, òun náà ni yóò dá iye.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Àgbẹ̀ á kọ́kọ́ wa ẹ̀gẹ́ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn lórí fóònù. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wà, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta péré ló ní, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹyìn tí wọ́n bá ti kọ, kò yẹ kó ju ọjọ́ kan sí méjì lọ kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń fún epo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo náà ò ní dáa mọ́. Alágbàtà mọ gbogbo èyí. Ṣe ló jókòó tó ń ka ọjọ́. Lọ́jọ́ kìíní, á ní owó ò tíì sí. Lọ́jọ́ kejì, á ní mótò bàjẹ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, iye tó bá wù ú ló máa pè, ẹ ó sì gbà á. Ariwo á wá sọ ní etí títì, ọ̀rọ̀ á di "ó le kú, ìjà Òrè," bí ẹni pé ogun 1967 tó bí gbólóhùn yẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tí ẹ wa ẹ̀gẹ́ láìjẹ́ kí ẹni tó máa rà á mọ̀ lẹ ti pàdánù.

Ohun tí à ń pè yín sí rèé: kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kàlẹ́ńdà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo oníbàárà lè ṣí wò láìbẹ ẹnikẹ́ni. Kí ohun tí ẹ máa kórè wà níbẹ̀, bí ó ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ tó máa jáde, àti ibi tí oníbàárà á ti bá a. Kàlẹ́ńdà Google tó wà lórí fóònù púpọ̀ nínú yín lè ṣe é. Láti 2006 ló ti wà, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, àfi dátà díẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní àṣà òyìnbó ni èyí, ẹ bi í léèrè: ta ló kọ́kọ́ kéde ọjọ́ ọjà nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn baba wa ò fi ọjọ́ ọjà pamọ́ rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn. Wọ́n mọ ọjọ́ Ọbàtálá, wọ́n mọ ọjọ́ Ifá, wọ́n mọ ọjọ́ Ògún, wọ́n mọ ọjọ́ Ṣàngó. Ọjà ọlọ́rọọrún wà, ọjà ọlọ́sàn-án wà, wọ́n sì ń pín ọjọ́ wọn láàárín ara wọn kí ọjà ìlú kan má baà pa ti ìlú kejì. Ìyá tó ń ta ìkòkò ní ọ̀nà jíjìn mọ̀ pé bí òun bá gbé ẹrù lé orí lónìí, èrò á wà ní ọjà lọ́la. Kò sí fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì, síbẹ̀ gbogbo ìlú ló mọ ọjọ́. Kàlẹ́ńdà gbangba nìyẹn. Àwa ọmọ wọn tá a ní fóònù lápò la wá ń sọ ọjọ́ ìkórè di awo.

A ti gbọ́ àwíjàre yín. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́: "Bí a bá kéde ọjọ́, olè á gbọ́." Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, a ò sì ní fi ṣeré. Olè ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, olè kòkó wà, ọ̀nà oko ò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ kọ ojú ọ̀nà oko yín sí gbangba? Ẹ má kọ orúkọ olóko. Ẹ má kọ ibi tí oko wà. Ẹ má kọ iye owó tí ẹ ń retí àti ibi tí ẹ ti máa gbà á. Ohun tí ẹ máa kọ ni: "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, igba odidi, Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ibùdó ẹgbẹ́ ní ìgboro." Ibi tí èrò wà ni ẹ ó ti tà á. Oko yín ṣì wà ní àṣírí. Ká sì sòótọ́, olè tó ń jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò nílò kàlẹ́ńdà. Ojú ló fi ń wo oko. Ẹni tí ẹ ń fi ọjọ́ pamọ́ fún ni ẹni tó fẹ́ sanwó.

Ìkejì: "Bí oníbàárà bá rí i pé ọjà pọ̀, iye á já." Ẹ̀yin èèyàn wa, oníbàárà ti mọ̀ tipẹ́! Wọ́n ń pe ara wọn láti Òrè dé Èkó, wọ́n ń ka lọ́rì tó bá wọlé. Àgbẹ̀ nìkan ni kò mọ ohun tó wà ní oko ẹnì kejì rẹ̀. Ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ogún èèyàn á gbin kùkúḿbà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ogún èèyàn á kó o jáde ní ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n á wá máa sunkún ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Tí kàlẹ́ńdà bá wà, tí ẹ sì rí i pé èèyàn mẹ́wàá ti kọ kùkúḿbà sí ìparí oṣù, ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbìn á sún tiyín síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin gan-an lẹ ó kọ́kọ́ jèrè kàlẹ́ńdà náà, kí oníbàárà tó jẹ tiẹ̀.

Ìkẹta: "A ti ń gbé e sí WhatsApp." Ẹ máa gbé e síbẹ̀ lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìnlélógún ni Status WhatsApp fi ń wà, á sì pòórá. Èyí tí ẹ bá jù sínú gúrúùpù, kó tó dalẹ́, "ẹ kú ọjọ́ ìbí" àti àdúrà ọgọ́rùn-ún ti bò ó mọ́lẹ̀. Oníbàárà tó bá dé lónìí ò lè rí ohun tí ẹ sọ lánàá. Ọjọ́ tí ó ń bọ̀ ní oṣù méjì sí i ńkọ́? Ibo ni ẹ ó kọ ọ́ sí? WhatsApp dára láti fi pariwo. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ọjọ́ pamọ́ sí.

Ìkẹrin: "Àwọn àgbà wa ò mọ fóònù tẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bàbá tó ń wo ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó sì ń sọ ọjọ́ tó máa gbó, òun ló ni ìmọ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ fóònù tọ̀sán tòru, òun ló ni ọwọ́. Kí bàbá sọ, kí ọmọ kọ. Kí ẹgbẹ́ náà ra pátákó dúdú kan, kí wọ́n máa fi ẹfun kọ ohun tó wà lórí kàlẹ́ńdà sí i ní ojúde ibi ìpàdé. Ẹni tí kò ní fóònù á rí i kà, tàbí kí wọ́n kà á fún un.

Ìkarùn-ún ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ síta, àmọ́ òun ló lágbára jù. Àwọn kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ń jẹun lórí ìwé kékeré tó wà lápò wọn. Nínú ìwé yẹn ni nọ́ńbà oníbàárà wà, òun náà ni ọjọ́ ìkórè gbogbo èèyàn wà. Ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ wá kí wọn nílé. Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ "rí wọn." A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ bi ara yín: kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn tó ń pariwo jù pé kàlẹ́ńdà ò dáa ni àwọn tí ìwé wà lọ́wọ́ wọn? Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹgbẹ́ tó bá ti di ọ̀nà tó kù, tó fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, tó sì gbé ẹnì kan dúró síbẹ̀ kó máa gba owó ibodè, kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀ mọ́.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń ṣe é?

1. Ẹ ṣí àkántì Google tuntun lórúkọ ẹgbẹ́. Ẹ má lo ti alága, ẹ má lo ti akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí alága bá lọ, kàlẹ́ńdà ò gbọdọ̀ bá a lọ. Èèyàn méjì tí ẹ fọkàn tán ni kí wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀.

2. Kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí calendar.google.com. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí wọ́n kọ "Other calendars" sí, ẹ tẹ àmì ìròpọ̀, kí ẹ sì mú "Create new calendar." Ẹ sọ ọ́ lórúkọ tí oníbàárà á tètè mọ̀. Ẹ rí i pé aago tí ẹ yàn ni ti Èkó. A tún un sọ: kàlẹ́ńdà tuntun ni o! Ẹ má sọ èyí tí ẹ fi ń kọ ọjọ́ ọsibítù àti ìpàdé ẹbí di ti gbangba. Gbogbo ayé á máa kà á.

3. Ẹ wọ ètò kàlẹ́ńdà náà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Make available to public" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ yan "See all event details." Tí ẹ bá gbàgbé èyí, oníbàárà á kàn rí i pé ọwọ́ yín dí lọ́jọ́ náà ni, kò ní rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan.

4. Ẹ tẹ "Get shareable link," kí ẹ kó líǹkì tó bá jáde. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ara ìwé rìsíìtì.

5. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta péré ni kí ẹ fún láṣẹ láti kọ nǹkan sí i. Kí ìyókù máa wò ó. Ibi tí ogójì èèyàn bá ti ń kọ̀wé, kò sí ẹni tó máa gbà pé òun ló kọ ọ́ ṣì.

6. Ọjọ́ ọjà ìlú yín ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ní kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí o. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pe ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní ọlọ́rọọrún. Fóònù kì í ka ọjọ́ òní. Tí ọjà yín bá jẹ́ ọlọ́rọọrún, 4 ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe 5. Tó bá jẹ́ ọlọ́sàn-án, 8 ni, kì í ṣe 9. Tí ẹ bá tẹ 5, ọjà kejì á ti yẹ̀ ní ọjọ́ kan, ìkẹta á yẹ̀ ní méjì, oníbàárà á dé ọjà, á bá àtẹ òfìfo.

Ẹ lè ní, "Báwo la ṣe máa mọ ọjọ́ tí nǹkan máa jáde kó tó jáde?" Ẹ mọ̀ ọ́n! Iṣẹ́ yín ni. Láti ọjọ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti yọ ọmọ, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni yóò fi gbó. Ẹ so òwú mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Àgbàdo tó bá ti yọ irun, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kó tó sísè. Adìẹ bírọ́ílà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ̀gẹ́ ló tún rọrùn jù, torí pé tó bá ti tó wà, ó lè dúró dè yín nínú ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó wà á. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ rò pé ó máa bọ́ sí ní àkọ́kọ́, tó bá kù díẹ̀, kí ẹ wá sọ ọjọ́ gan-an.

Ẹ sì ka ọdún mọ́ ọn. Ọjọ́ Kérésìmesì ò yí padà, ṣùgbọ́n Iléyá ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ẹni tó bá ń fi ti ọdún tó kọjá ka ọjọ́ bírọ́ílà àti tòmátì rẹ̀, tí ọdún bá ti parí ni ọjà rẹ̀ máa dé. Bírọ́ílà tó bá sì ti tó tà tí kò rí ẹni rà á, oúnjẹ tó ń jẹ lójoojúmọ́ yẹn, èrè yín ló ń jẹ.

Ohun kan wá kù, òun ló sì wúwo jù. Kàlẹ́ńdà gbangba, ìlérí ni. Ẹni tó kọ igba ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí Ọjọ́bọ̀, tó wá tà á ní òru Ọjọ́rú fún ẹlòmíràn nítorí owó díẹ̀ lórí, kì í ṣe òun nìkan ló bà jẹ́. Ìyá tó gbéra láti Èkó tó bá ilẹ̀ gbígbẹ ò ní gba kàlẹ́ńdà wa gbọ́ mọ́ láé, á sì sọ fún gbogbo àwọn ará ìsọ̀ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ṣòfin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: kí wọ́n má kọ ọjà rẹ̀ sí i fún sáà kan. Òjò lè rọ̀, afárá lè já, ọkọ̀ lè bàjẹ́, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ yí ọjọ́ náà padà lórí kàlẹ́ńdà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má kàn pa á rẹ́ kí ẹ dákẹ́. Ẹ tún rántí pé ìyípadà lè pẹ́ kó tó hàn lórí fóònù àwọn oníbàárà kan, torí náà ẹ fóònù àwọn tó ti ní àwọn ń bọ̀.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ ò lè máa ní àgbẹ̀ ò ṣe é fọkàn tán, kí ẹ̀yin náà sọ pé ẹ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kí ẹ má yọjú. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, ẹ pe ẹgbẹ́, ẹ san àsansílẹ̀ díẹ̀, ẹ gba rìsíìtì. Bí àgbẹ̀ bá mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀ lóòótọ́, ọjà tútù lẹ ó bá. Ẹ ò ní sùn sí gáréèjì Òrè mọ́ nítorí pé ẹrù ò tíì pé.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Alágbàtà ò ní kú bí ẹ bá gbé ọjọ́ yín sí gbangba. Á kàn di ọ̀kan nínú àwọn tó ń rà ni, á sì máa du iye pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ má gbé e fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan, irè oko kan, oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ iye tí ẹ tà á sílẹ̀, kí ẹ fi wé ti sáà tó kọjá. Tí èrè ò bá yàtọ̀, ẹ wá bá wa jà. Tó bá yàtọ̀, ẹ lọ sọ fún abúlé kejì.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí a wá bá wọn ṣe é, kí wọ́n dá ọjọ́ ìpàdé, kí wọ́n mú bàbá kan tó mọ oko àti ọmọ kan tó mọ fóònù wá. A ó jókòó tì wọ́n títí kàlẹ́ńdà náà á fi ṣí. Oko á yè o.